Fọ́ọ̀mù Tí Jẹ́jẹ́ Fi Máàkì Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ń jí ire? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ipò ọ̀gá tí wọ́n fi ọ́ sí níbi iṣẹ́ kò ní di ẹrù tí yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mo gba fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí tí o ní ẹ fi ń tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sọ́nà lọ́dọ̀ yín. Mo gbọn fóònù náà títí, pépà kankan ò jábọ́, àfìgbà tí onígbàjámọ̀ iwájú ilé wa, tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó sì bọ́ sákòókò, torí Jẹ́jẹ́, obìnrin tó ti ń bá mi ránṣọ láti ọdún mẹ́fà, ti bínú lọ. Ó gé apá ogún aṣọ ilé-ìwé kúrú, mo sì bú u lójú àwọn oníbàárà pé ó yẹ kó lọ máa gé ewébẹ̀. Ó fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé. Ọjọ́ mẹ́rin mi ò rí i, ilé-ìwé sì ti fẹ́ wọlé.

Mo bá gbé fọ́ọ̀mù lọ bá a nílé, mo ní ọmọ mi ní kó máàkì mi, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Ó wò mí títí, ó bi mí bóyá ara mi yá, kó tó jókòó kọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́, ó fún mi ní márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀kan. Àlàyé iṣẹ́, ọ̀kan. Inú bí mi, àmọ́ mo gbé e mì, mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní láti ọdún mẹ́fà, “ṣe é dáadáa” ni mo máa ń sọ, mi ò sọ bí dáadáa ṣe gùn tó rí.

Mo sọ fún un pé rírán rẹ̀ kì í tú, kò sì sẹ́ni tó ń pa etí aṣọ bíi tirẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò kàn sọ ọ́ ni. Mo ní apá aṣọ yẹn nìkan ló kù, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Ó ní ká máa kọ íǹṣì sí pépà, ká fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé. A rán etí kún apá ogún náà, ọ̀gá ilé-ìwé sì rò pé àrà tuntun ni.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni onígbàjámọ̀ ka ìlà òkè fọ́ọ̀mù náà fún mi pé ọ̀gá ló ń kọ ọ́ nípa òṣìṣẹ́. Mo ní ẹni tó kọ ìlà yẹn ló ṣì í.

Jọ̀wọ́, fowó awò ojú ránṣẹ́, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bí agbára rẹ bá gbé e, fi ti máṣìnì kejì kún un, àbúrò Jẹ́jẹ́ fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́. Kí ìwọ náà gbé fọ́ọ̀mù fáwọn tó wà lábẹ́ rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ ní ọ̀kan, má sunkún, jókòó, kí o béèrè.

Àwọn tí ò ń darí kò ní máa sọ lẹ́yìn rẹ ohun tí wọn ò lè sọ lójú rẹ.

Èmi ìyá rẹ, aránṣọ.