Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ní Mo Bà Jẹ́

Alẹ́ Àlàmísì

Sùlíà, ọmọ àbúrò mi, bí ọkùnrin. Wọ́n ti so yìgì Múínátù, àbúrò rẹ̀. Àlùhámúdùlílá.

Orúkọ wọn ni mo ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ilé, sára àwọn tí màá fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kíláàsì àgbà, tó fi kú, tí gbogbo iṣẹ́ mi sì lọ. Lùkúmáànù, ọmọ tí mo bí, ní, "Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn, Màmá. Ẹ ra òmíràn."

Èmi, kẹ̀?

Ràmátù, ọmọ rẹ̀, ló yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyá àgbà, mẹ́mórì ẹ̀, yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, ló kéré. Tí yàrá bá kún, ó máa ń tẹ́ ẹní fún àlejò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn inú dísìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Fíìmù Dádì ló dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa."

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àgbàlagbà onífíìmù!

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ tuntun. Ti kọ̀ǹpútà tí Lùkúmáànù ní kí n rà, kọ́bọ̀ kan ò sí ńbẹ̀.