Òwú Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Dẹ́rẹ́bà, ọkọ mi, ti padà sílé láti ọsibítù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ jọ́wọ́lọ́. Gbogbo ọdún tó fi wa bọ́ọ̀sì ńlá, ọwọ́ yẹn ló fi ń darí sítíárì. Àrùn rọpárọsẹ̀ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó parí. Mo fún un lómi, ó ní òun ò fẹ́. Mo tan rédíò, ó ní kí n pa á. Ó ku kó ní kí n má mí mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Nọ́ọ̀sì wá. Ó ní ọwọ́ náà ṣì máa ṣiṣẹ́ bí a ò bá jẹ́ kó jókòó lásán. Kí ìka máa di nǹkan mú, kó máa tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́. Ó fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ò tíì dé ẹnu géètì tí bọ́ọ̀lù ti wà lábẹ́ àga. Dẹ́rẹ́bà ní ṣé ọmọdé lòun ni? Mo ní rárá o, ọmọdé máa ń gbọ́ràn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ó sọ ọ́ jáde lónìí. Ó ní òun máa kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ọkùnrin. Pé mò ń fọ aṣọ oníbàárà látàárọ̀ ní ilé ìfọṣọ, kí n má tún délé wá máa fọ òun. Pé ọ̀tún òun ò lè wẹ òsì mọ́, kí wá ni òun wúlò fún? Mo ní kẹ́ ẹ jẹun. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo sunkún. Mi ò fẹ́ kó lọ. Ta ni màá máa bá jà?

Nígbà tí ẹkún tán, mo gbé Òkòtó. Orúkọ tí mo fún igi ìrànwú mi nìyẹn, torí bó ṣe ń pòòyì. Fàájì mi ni òwú ríran, kì í ṣe iṣẹ́. Màá ra òwú funfun, màá gbọ̀n ọ́n, màá pa á láró — pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé — màá wá ran án di fọ́nrán gígùn. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni Dẹ́rẹ́bà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, “Ìyáàfin Aláǹtakùn.” Látìgbà tí àìsàn ti dé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ pé àárò orúkọ yẹn lè sọ mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Mò ń ran òwú ní pálọ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí kò wò mí. Mo dìídì jẹ́ kí Òkòtó bọ́. Ó yí lọ sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi òsì gbé e. Kò dá a padà. Ó yí i lórí tábìlì. Ó tún un yí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ṣe ìrànwú tiẹ̀ fún un. Igi tẹ́ẹ́rẹ́, amọ̀ róbótó nídìí, ó ń jó nínú àwo kékeré. Òsì ń yí i, ọ̀tún ń di òwú pupa mú, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó rí i, ó ṣẹ́jú sí mi. Ọlọ́gbọ́n ọmọ!

Fọ́nrán rẹ̀, ibì kan tín-ín-rín, ibì kan wú bí àtàǹpàkò. Ó wò ó, ó ní òun ti wa ọkọ̀ lórí títì tó burú jù báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó bú mi lónìí pé mo jí òwú pupa òun. Ó pariwo gan-an. Inú mi dùn débi pé mo kó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan fún ẹlòmíì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó bàjẹ́. Èmi ni mo sì bà á jẹ́.

Fọ́nrán kan ò lágbára, méjì la máa ń lọ́ pọ̀. A ó mú pupa tiẹ̀ mọ́ búlúù tèmi, a ó yí méjèèjì pọ̀ sí òdìkejì ibi tí a ran wọ́n sí, wọ́n á dì mọ́ra. Aṣọ ìbora fún bẹ́ẹ̀dì wa ló wà lọ́kàn mi. Àṣé mo ti gbàgbé ohun tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òwú ríran mọ̀, pé apá kan náà ni fọ́nrán méjèèjì gbọ́dọ̀ lọ́ sí! Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ran tèmi, apá ọ̀tún ló lọ́ sí. Ọwọ́ òsì ló fi ran tiẹ̀, apá òsì ló lọ́ sí. Bí mo ṣe ń yí wọn pọ̀, tèmi ń tú, tiẹ̀ ń le, ó ń ká kò. Pàú, ó já.

Ó wò ó títí. Ó ní, “Ìyá wọn, ṣé o rí i? Òwú mi gan-an ò lè bá tìẹ rìn.” Ó fi òsì mú fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá gbé òun ní Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti rò ó. Bí òsì ò bá lè wá bá ọ̀tún, ọ̀tún á lọ bá òsì. Mo gbé Òkòtó àti òwú àwọ̀ ewé lọ síbi iṣẹ́. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, mò ń yí i sí òsì. Ọwọ́ mi ò gbọ́ràn, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ̀yìn rìn. Ọ̀gá wa obìnrin ní ṣé ara mi yá ṣá? Mo ní ara yá, mà, ọkọ ni mo ní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Dẹ́rẹ́bà ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, á yára fi ìrọ̀rí bo itan. Èérún òwú yẹ́lò sì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kún. Mo ta á nípàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kí n rọra kọ ọ́, ẹ̀rín ò tíì tán lára mi.

Mo gbé fọ́nrán ewé mi síwájú rẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká tún un dán wò kẹ́ ẹ tó lọ. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe. Òun náà fa yẹ́lò kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sọ ohun tó ṣe. Yẹ́lò náà ń dán, ó gún régé. Ọwọ́ yẹn náà ló ran èyí? Mo mú ewé mọ́ yẹ́lò, mo yí wọn pọ̀. Ọ̀kan ń le, ọ̀kan ń tú. Pàú!

À ń wo ara wa. Mo ní apá ibo lẹ yí i sí? Ó ní ọ̀tún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ lòun fi kọ́ ọ nígbà tí mi ò sí nílé, kó lè bá tèmi mu. Ó ní ìwọ ńkọ́? Mo ní òsì ni, kó lè bá tiyín mu.

Ẹ̀rín! Mo rín, mo fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun náà rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá itan — ọwọ́ ọ̀tún. Kò mọ̀. Mi ò sọ. “Ìyáàfin Aláǹtakùn,” ó ní, “o ti fi òwú de ara ẹ!” Ọlọ́run mi o, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Òun ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní kí n gbé fìlà iṣẹ́ òun wá lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Pupa àkọ́kọ́ yẹn wà nínú rẹ̀, ó ká a róbótó. Mo ti rò pé ó dà á nù. Pupa tiẹ̀, òsì ló lọ́ sí. Ewé tèmi náà, òsì. Yẹ́lò tiẹ̀, ọ̀tún. Búlúù tèmi àtijọ́ náà, ọ̀tún. Mo mú pupa mọ́ ewé: ó dì. Yẹ́lò mọ́ búlúù: ó dì. Mo fà á, kò já. Kò sí èyí tó ṣòfò nínú gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀tún wẹ òsì...” Kò parí òwe náà.

Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀la. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bèèrè. Báàgì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Àbúrò rẹ̀ dé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó kí wa, ó gbé báàgì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Dẹ́rẹ́bà wà lórí àga, fọ́nrán pupa àti ewé wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, ó na méjèèjì síwájú. Ọ̀tún ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ kò wálẹ̀. Èmi jókòó níwájú rẹ̀, mò ń ká fọ́nrán náà mọ́ bọ́ọ̀lù nọ́ọ̀sì.

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Gbé báàgì yẹn padà sí yàrá wa, Àbúrò. Ọwọ́ mi méjèèjì ò dilẹ̀.”