Sáńpù Tí Wọ́n Gé Lára Yín

Bàbá mi oníléèsì,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ orí fún yín kí ẹ tó papòdà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní díẹ̀ ṣì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ àwọn nínú kókó tí wọ́n yọ nínú ọpọlọ yín, àwọn sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe yé mi mọ, ohun kan wà nínú ara gbogbo wa tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Òun ló ń sọ fún ẹran ara bí yóò ṣe dàgbà àti ìgbà tí yóò dúró. Tiyín yí padà nínú kókó yẹn, kò mọ ìdúró mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó yí i. Wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé.

Mo délé, mo sọ ọ́. Jíìnì tí mo pè, jínnì, àlùjànnú, ni ẹ̀gbọ́n yín Àlájà gbọ́. Ariwo ta láàárín agboolé: “Ẹ ò gbọ́ bí? Dókítà alára ti jẹ́wọ́! Mo ti ń wí i pé wọ́n rán jínnì sí àbúrò mi!” Màámi ló ń wò bó ti ń wí i. Gbogbo ilé náà yíjú sí Màámi. Mo ṣàlàyé títí. Àlájà ní Wáẹ́ẹ̀kì lásán ni mo ní, mo fẹ́ wá kọ́ òun ní jínnì.

Màámi kì í jókòó sójú àgbàlá mọ́. Inú yàrá ló ti ń jẹun.

Ṣé ẹ rántí bí Àlájà ṣe máa ń bú u lójú yín, tí ẹ óò kàn máa fọwọ́ pa etí léèsì bí ẹni tí kò gbọ́? Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n yín ló ń bà yín, àbí ẹ gbà á gbọ́?

Mo buwọ́ lùwé náà. Mo fẹ́ kí wọ́n wá ohun tó pa yín jáde, kí n lè kà á sí Àlájà létí. Ṣùgbọ́n dókítà ní ó lè pẹ́, ó sì lè má yé àwọn náà. Látìgbà náà n kò lè jókòó sójú kan. Àbí mo ṣì í ṣe ni? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Balógun, pé oníbàárà tó bá ní kí ẹ gé sáńpù fún òun, òun fẹ́ fi wá gèlè tó bá a mu, kì í padà wá. Ẹ kì í gé e fún wọn.

Mo ti gé yín fún wọn, Bàbá. Mo wá ń wo ẹnu ọ̀nà.

Èmi ọmọ yín, tí inú ń bí sí yín, tí kò sì yéé fẹ́ràn yín.