Ebè Kan Tó Lé Nínú Oko Yín

Láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà àwọn Awọnlẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá.

Sí Bàbá olóko ọ̀nà Tápà, ẹni ọ̀wọ̀,

Àwa Ọ̀gá Awọnlẹ̀, tí a máa ń fi imú sọ̀rọ̀, ń fi tó yín létí pé ebè oko yín jẹ́ ẹgbàá ó lé mẹ́ta. A ti yẹ nọ́ńbà náà wò. Kò sí ẹ̀dá tó lè pín in dọ́gba.

Bàbá mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ohùn yìí ni mo máa ń fi pa yín lẹ́rìn-ín lábẹ́ igi ẹ̀mì, tí ẹ ó máa fi ẹ̀yìn ọkọ́ halẹ̀ mọ́ mi, tí èjìká yín á sì máa mì. Ọ̀rọ̀ Sátidé le.

Ẹbí wá pín oko yín. Ẹ rántí òfin ilé wa: ebè la ń kà, a kì í la ebè sí méjì, èyí tó bá ṣẹ́kù, ti òkú ni. Oko tí òkú ṣì ní ìpín nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Bọ̀dá Àkànní, ọmọ ìyáálé yín, sì ti rí ẹni tó máa ra ìpín tirẹ̀, apá ibi tí odò wà. Odò yẹn ni Màámi fi ń ṣe láfún. Bó bá lọ, kí la ó máa jẹ?

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ló kà á. Ní gbogbo igba ebè, wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀. Ọ̀pá mẹ́wàá, ebè mẹ́ta lé. Wọ́n fi ìyàwó méjì pín in, ọ̀kan ṣẹ́kù. Bọ̀dá Àkànní ní kí wọ́n fi ọmọ méje pín in. Ọ̀kan ṣẹ́kù.

Ló bá tún ní, "Ó dáa, ẹ ka àbúrò Bàbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn, kó di mọ́kànlá."

Ọ̀kan náà ló tún ṣẹ́kù.

Èmi nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó lé mi ní ilé-ìwé mọ́dà, tíṣà sọ pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó lórí kunkun: àfi ení àti òun fúnra rẹ̀ ló lè pín in. Mo fi èédú dán ẹgbàá ó lé mẹ́ta wò lára ògiri ilé ìdáná, láti orí méjì dé mẹ́rìnlélógójì. Márùndínláàádọ́ta lọ́nà márùndínláàádọ́ta ti jù ú lọ, ni mo bá dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ebè ẹgbàá ó lé méjì lẹ kọ, Bàbá. Ìyẹn pín geere: fún méjì, fún méje, fún mọ́kànlá pàápàá. Ní àárọ̀ Fúráìdè ni mo lọ kọ ẹyọ kan kún un, mo fi koríko gbígbẹ bò ó.

Bàbá Àgbà dúró síwájú ebè yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbogbo ìyókù gbẹ. Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, erùpẹ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ìka wọn. Wọ́n wò mí.

"Ìwọ yìí, ohùn ta ni o fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lónìí?"

Wọ́n nu ìka sára ṣòkòtò.

"Ọ̀kan ló ṣẹ́kù. Ti òkú ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà? Àbí ẹ ń bínú sí mi? Lójú gbogbo ẹbí ni wọ́n ó ti wú iṣu yín nígbà ìkórè, òfìfo sì ni mo fi ebè náà sílẹ̀. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí, mo gbin ebu iṣu ẹ̀fúrù tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ àká sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀.

Kò sí awọnlẹ̀ kankan, Bàbá. Èmi ọmọ yín ni, tí mo fún yín ní ebè tí ẹ ò kọ.