Bẹ́ǹṣì Tó Ń Mì Nínú Ọgbà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín sílẹ̀, àbí ẹ ṣì ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wa ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín láyọ̀, kó má sì bá yín nínú ìbínú sí mi. Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ìwé tí mo kọ kẹ́yìn kó ìdààmú bá yín. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ti sú mi, mo ní bí sáà yìí bá ti parí, ilé ni mò ń bọ̀, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi wá ọ̀nà tí ẹ ó fi sọ ọ́ fún Bàbá. Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó la ẹnu.

Ẹ rántí ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, èyí tí mo ní n kò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ló ta aṣọ kan sí àárín ibùsùn rẹ̀ àti tèmi, aṣọ aláwọ̀ ewé tó nípọn bíi kúbùsù. Kò bú mi, kò sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi, ó kàn ta aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Ìyá Aláṣọ Ìkélé nínú ọkàn mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi á rọra kí i kẹ́lẹ́, òun náà á rọra dáhùn kẹ́lẹ́, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu mi lè hu koríko.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní yíya àwòrán àga ní kí a lọ wo mùsíọ́mù méjì tó wà láàárín ìlú, kí a sì wọ inú ọgbà òdòdó tó wà lẹ́yìn wọn. Ó ní kí àwọn tó jọ ń gbé yàrá jọ lọ, kí olúkúlùkù sì ya àwòrán ìjókòó kan ṣoṣo wá. Nínú bọ́ọ̀sì, báàgì rẹ̀ jókòó sí àárín wa bí ẹnì kẹta. Ó ń wo ìta, èmi ń wo àga awakọ̀, tí wọ́n ti fi awọ mìíràn lẹ̀ níbi tí èjìká rẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán.

Mùsíọ́mù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohun èlò ilé àtijọ́. Wọ́n to àwọn yàrá rẹ̀ bí ẹni pé àwọn onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, tí wọn yóò padà dé láìpẹ́. Okùn pupa ni wọ́n fi dí iwájú àwọn ohun èlò náà. Bí mo ṣe wọlé báyìí, òórùn òróró tí Bàbá fi ń kun igi ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀ ló kù kí omi bọ́ lójú mi.

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, bàbá arúgbó kan jókòó, ó dé fìlà, ó fi awò sójú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ẹ mọ ohun tí Ìyá wa fi kọ́ wa: ènìyàn kì í kọjá lára àgbà bí ewúrẹ́. Mo tẹ orúnkún, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú ìjókòó.” Bàbá kò dáhùn. Mo rò pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́ dáadáa, ni mo bá tẹ orúnkún sí i, mo gbé ohùn sókè débi pé ó ta padà lára ògiri: “ẸẸẸ KÁÀÁRỌ̀ SÀ!”

Gbogbo ènìyàn yíjú. Ìyá Aláṣọ Ìkélé, ẹnì kejì mi, di ògiri mú, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. “Ère ni! Ìda ni wọ́n fi ṣe é! Ṣé o ò rí eruku lórí awò ẹ̀ ni?” Mo wò ó dáadáa. Eruku wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu lákòókò náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ó nu ojú nù, ó tún ní, “Ṣé bí o ṣe ní ohùn tó nìyí? O kí ère débi tí ilé fi mì, èmi tí mò ń mí, kẹ́lẹ́ lo fi ń kí mi!” Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló já mi gbà.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni. Nínú yàrá tó tẹ̀ lé e, bàbá mìíràn tún jókòó lẹ́bàá fèrèsé, irú fìlà kan náà ló dé. Mo ní wọn kò ní rí mi mú lẹ́ẹ̀kejì. Àga tó jókòó lé ló wù mí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, n kò sì rí ojú ibi tí wọ́n ti so igi pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ rẹ̀, mo fi ìka kan ẹsẹ̀ àga náà. Ni ère bá wúkọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé nǹkan ẹ ló bọ́ sábẹ́ mi?”

Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ yàrá ni! Ẹnì kejì mi sá jáde. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń bẹ̀bẹ̀, mò ń kí i, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ nígbà tó o ń kí ọ̀gbẹ́ni tọ̀hún. Mo ti tún ìjókòó mi ṣe dáadáa, mò ń retí kó kàn mí.”

Àtùpà nìkan ló wà nínú mùsíọ́mù kejì, láti orí èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ dé orí èyí tó ń lo iná mànàmáná. Àwọn yàrá ibẹ̀ ṣókùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ àtùpà lè hàn, mo sì ṣàkíyèsí pé ẹnì kejì mi di etí aṣọ mi mú láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ níwájú àtùpà kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọdé.

Nígbà tí a dé inú ọgbà, a wá bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi ńlá, kí a lè jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè tí a gbé dání. Bẹ́ǹṣì náà ń mì: bí mo ṣe jókòó, òun gbéra sókè. Bí òun ṣe jókòó, èmi gbéra sókè. Ó fa bébà yọ, ó fẹ́ ká a sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ̀rọ̀: “Má tì í bọ abẹ́ ẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé bí àga bá ń mì, má tíì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ jà, wo ilẹ̀ ná.” A wo ilẹ̀. Gbòǹgbò igi ló yọ sókè níbẹ̀. A jọ gbé bẹ́ǹṣì náà sún díẹ̀, ó sì dúró gbọn-in.

Ó ní, “Káfíńtà ni bàbá ẹ?” Ọ̀rọ̀ wá ṣí lẹ́nu mi. Mo sọ ti ṣọ́ọ̀bù Bàbá fún un. Mo sọ ti ọmọṣẹ́ wọn tó gé ẹsẹ̀ kan lára àga tó ń mì, tó tún gé ìkejì, tó tún padà sí ti àkọ́kọ́, títí àga ìjẹun fi di àpótí ìdáná. Ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló mú ẹyin mìíràn. Ó ní, “Mo rò pé o kórìíra mi ni.” Mo ní, “Èmi kẹ̀? Ìwọ tó o ta aṣọ ńkọ́?” Ó ń bó èèpo ẹyin díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, “Mi ò lè sùn nínú òkùnkùn. Láti kékeré ni, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tó o dé, mo rí i pé iná mi ń dà ẹ́ láàmú, ìrọ̀rí lo fi ń bojú. Ni mo bá ta kúbùsù mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi, kúbùsù ni lóòótọ́, òun nìkan ló sì ní. Mo máa ń rí i pé ó ń wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ sùn, mo sì ti kà á sí fáàrí. Inú òtútù ló ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti dé.

Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo fẹ́ máa lọ sílé. Kò bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Ó kàn fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé, ó ní, “Ṣé o ti wo ilẹ̀ ná?”

Bẹ́ǹṣì yẹn ni àwa méjèèjì yà fún olùkọ́, tòun ti gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún Bàbá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti sọ ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò tíì gbé ayùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sún àga ni. N kò lè ṣèlérí pé kò ní mì mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jókòó lé e wò.

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yìn yín ní ìsinmi, kí abẹ́rẹ́ má gún yín lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ dàgbà lójú yín, kí Bàbá wa pẹ́ fún wa. A ó fi ẹ̀rín pàdé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fẹ́ràn,
Olóhùn Kékeré.

Mo tún rántí: kúbùsù ti padà sórí ibùsùn ẹni tó ni ín, iná sì ń tàn sí mi lójú báyìí. Nígbà tí ẹ bá ráyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àjákù aṣọ dúdú rán ìbojú kan fún mi, èyí tí mo lè so mọ́ orí sùn. Kí ẹ fi aṣọ tó lágbára rán an o, nítorí mo fẹ́ kó bá mi dé ìparí ẹ̀kọ́ mi.