Bí Kíláàsì Wa Ṣe Fi A, B, D Fọ Òkúta Inú Ilé Ẹja

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín jí? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọrùn tó ń dùn ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ńkọ́, ṣé ó ti ń yí sọ́tùn-ún yí sósì? Mo bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ rẹ má di àárẹ̀ sí ọ lára, kí ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ máa wá a kiri títí bàtà rẹ̀ á fi já, kó sì máa fi ẹsẹ̀ lásán relé. Àwa náà wà níbí. Orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, bàbá rẹ ṣì ń sọ pé òun kì í hanrun, gbogbo àdúgbò ló sì ń gbọ́ ọ.

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí o. Tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí n mú un wá kí òun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Nítorí náà, bí o bá dé ibi tí mi ò ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ìwọ náà bá mi fi sí i, owó ilé ìwé tí mo san lórí rẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé nígbà tí ọmọ rẹ, Ìyá Ẹlẹ́ja, lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó fi ilé ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, àpótí gíláàsì náà àti omi rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, àti ẹja kan ṣoṣo tí kò gùn tó ìka mi. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìwé tó kọ sílẹ̀ nípa bí n ó ṣe tọ́jú rẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ sí mi láyé tí mo fi ojú ara mi kà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Ó ní kí n máa fún ẹja lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí n má da gbogbo omi rẹ̀ nù pọ̀, kí n má sì fi ọṣẹ fọ òkúta. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé èmi nìkan lòun fọkàn tán nítorí pé mo ti mọ̀wé. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Bàbá rẹ ní kí ló dé tí mo fi gbé e ga ju òun lọ, mo ní kí òun náà kọ̀wé sí mi.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò mọ ìwé kà. Ó wọ abẹ́ òkúta, omi ṣú bí omi ìfọṣọ, ẹja náà wú níkùn, ó lọ fara mọ́ kọ̀rọ̀ kan, kò jẹun mọ́. Mo ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n kó ìdọ̀tí náà jáde, ihò ìdérí rẹ̀ kò gbà mí kọjá ìka mẹ́ta. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbà náà ni mo pè ọ́, tí o ní kí n má dààmú, pé bí ó bá kú, wàá ra irú rẹ̀, ọmọ kò ní mọ̀. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo yára gbé fóònù sílẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí ìyá kì í sọ sọ́mọ. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fọkàn tán mi, ṣé ẹja ayédèrú ni n ó fi san án? Ọjọ́ Ajé la wà lọ́jọ́ náà, ọjọ́ Sátidé lọmọ náà sì ń bọ̀ wá mú ẹja rẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ọkàn rẹ rọ̀ nírọ̀lẹ́, tí o fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi nínú fóònù láti kọ́ mi bí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ fa ìdọ̀tí jáde lábẹ́ òkúta. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé kò kọ́ ọ. Mo kí i, kò dáhùn. Mo rò pé bóyá torí aṣọ ilé ni, mo lọ wọ aṣọ tó dáa, mo tún kí i, ọ̀rọ̀ òkúta ló ń bá lọ. Síbẹ̀ onísùúrù ni. Bí mo bá tẹ ojú rẹ̀, á dákẹ́ kí n ráyè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún mi láìfajúro. Nígbà tó yá ó rẹ̀ ẹ́, fóònù ṣókùnkùn. Mo fi í sí iná, ó jí, ibi tó bọ́rọ̀ dé gan-an ló ti ń bá a lọ. Mo ní kí bàbá rẹ wá wo ẹni tó ní làákàyè, òun tó ń wá awò ojú rẹ̀ káàkiri nígbà tí awò wà lójú rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà ní kí a má gbàgbé láti tẹ aago. Mo ro ó lọ ro ó bọ̀, aago kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ni ti ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n gbé báàgì, ó di ilé. Tíṣà ní ta ló tẹ aago, mo ní èmi ni, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ni mo bá ní láti ro gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja náà fún wọn, àánú sì ṣe wọ́n, bí iṣẹ́ náà ṣe di iṣẹ́ kíláàsì nìyẹn.

Ọjọ́rú la kàn án. Aránṣọ tí à ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé ìdí ìgò ike kékeré kan, ó sì ń bú mi pé sísọ́ọ̀sì aṣọ kì í ṣe sísọ́ọ̀sì ike. A ki ọrùn ìgò náà bọ ọ̀pá ike kan tó gùn tó apá mi. Onítáyà, tí òun náà wà ní kíláàsì wa, lu ihò kékeré sí ọrùn ìgò, ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Inú rọ́bà yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí afẹ́fẹ́ bá sì ń gòkè nínú ọ̀pá, á máa gbé omi àti ìdọ̀tí lọ́wọ́. Òkúta wúwo, á fò díẹ̀, á padà sílẹ̀. Lókè, a tẹ ọ̀pá náà kọdọrọ, a so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ kó máa sẹ́ ìdọ̀tí, kí omi máa kán padà sílé. Ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ ni. Ó ní òun ṣì ń wọ̀ ọ́, mo ní ọ̀kan ṣì kù fún un.

Ọkùnrin inú fóònù ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tirẹ̀, àwa kò ní. Onítáyà bá ti ẹ̀rọ ńlá tó fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù wọ inú pálọ̀ mi. Mo bi í pé ṣé kò ní le jù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jẹ́. Ọmọ mi, ó tan ẹ̀rọ. Omi lọ sókè, òkúta lọ sókè, ìdérí lọ sókè, àjà ilé sì ń dún bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ títí ó fi lu. Tíṣà wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹja kò sí nílé. A wá a lórí àga, a wá a nínú bàtà. Bàbá rẹ kò mọ ohun tó ń lọ, ó gbé ife omi rẹ̀ sẹ́nu láti mu, ó wo inú ife, ẹja náà sì ń wò ó. Ó rọra gbé ife kalẹ̀, ó ní ṣé ẹja la fẹ́ fọ̀ ni àbí a fẹ́ fẹ́ ẹ bíi táyà. Aránṣọ ní kí onítáyà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde kí òun tó fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní Ọjọ́bọ̀, onítáyà fi ìtìjú gbé pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ wá, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Bí a bá yára jù, òkúta á fẹ́ gòkè, bí a bá falẹ̀, ìdọ̀tí á padà sílẹ̀. Tíṣà bá ní kí á máa ka álífábẹ́ẹ̀tì, kí lẹ́tà kan jẹ́ títẹ̀ kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un. A, mo tẹ̀ ẹ́, B, mo tẹ̀ ẹ́, D, omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí gun ọ̀pá lọ bí èèrà tó ń gun ògiri! Mo dé Y láìṣìṣe, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá kan aránṣọ. O kò mọ̀ ọ́n, obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá kò tíì kọjá G rí. Ó dé G, ó dúró. Ìdọ̀tí dúró ní àárín ọ̀pá. Wọ́n fẹ́ sọ fún un, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun, òun mọ̀ ọ́n. Ìdọ̀tí ti ń padà bọ̀ nígbà tí ẹnìkan kígbe GB láti orí àga ẹ̀yìn. Bàbá rẹ ni! Bàbá rẹ tó ti ń sọ láti ọdún méjì pé ìwé kì í wọ orí àgbà, àṣé ó ń jí ẹ̀kọ́ mi gbọ́ láàárọ̀ tí mo bá ń kà á sókè nílé. Ó dìde, ó gba pọ́ǹpù, ó sì ka ìyókù dé Y. Mo ṣáà ń wò ó.

Omi mọ́, mo lè rí ìka mi láti òdìkejì. Ṣùgbọ́n ẹja ṣì wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti fà wọlé, mo sì rò pé ó ti parí. Mo gbé ìbọ̀sẹ̀ lọ síbi abọ́ kí n dà á nù, kí n má baà sunkún lójú wọn. Nǹkan kan mira nínú rẹ̀. Mo wọ awò ojú bàbá rẹ, mo rí ojú méjì tó so mọ́ nǹkan bí irun ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà, mo rí òmíràn. Ọmọ mi, kì í ṣe àìsàn, oyún ni! Irú ẹja tí kì í yé ẹyin ni, oyún ló gbé wá bá wa, ó sì ti bímọ sáàárín òkúta, a sì ti fa mẹ́rin nínú wọn wọ inú ìbọ̀sẹ̀. A da omi ilé wọn sí abọ́, a rọra yí ìbọ̀sẹ̀ sódì, gbogbo wọn ló lúwẹ̀ẹ́ jáde láàyè. Mọ́kànlá la kà ní àpapọ̀. Onítáyà ń kéde káàkiri pé ẹ̀rọ òun ló gbẹ̀bí. Ìyá wọn jẹun nírọ̀lẹ́, ó jẹun bí abiyamọ.

Má sọ fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo ti kọ èsì ìwé rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì náà. Mo kọ ọ́ pé mo ka ìwé rẹ̀, ọ̀kan ló fún mi, kó wá ka iye tí mo dá padà.

Awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ fún wa, ti àpótí gíláàsì tó tóbi ju èyí lọ, ti àjà pálọ̀ tó ti lu, àti ti ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ. Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi ránṣẹ́ sí ògiri báńkì tó máa ń pọ owó. Ẹni tó wà nínú ògiri náà ti mọ̀ mí, ó máa ń kí mi káàbọ̀ kó tó fún mi, kò dà bí ọkùnrin rẹ inú fóònù yẹn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ibi tí wọn kò ti ka àwọn ẹlòmíràn sí, wọn á kà ọ́ sí. Omi ibi tí o wà kò ní dàrú mọ́ ọ lójú. Bó bá sì dàrú, má dá a gbé mọ́ra, má sì ra ayédèrú ìdùnnú wá bá mi. Wá sílé. A ní pọ́ǹpù, a ní èèyàn, bàbá rẹ náà sì ti mọ GB.

Èmi ni ìyá rẹ, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.