Rọ́bà Ẹnu Ilẹ̀kùn Mọ́ríìsì Bàbá

Lalinda,

Má ti ilẹ̀kùn Mọ́ríìsì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Bàbá. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ rọ́bà tuntun mọ́ ibi ìtẹ̀wọlé rẹ̀ kò tíì gbẹ. Lánàá, o sáré lẹ̀ ẹ́ lé èyí tó ti gbó lórí kí àkókò rere tí awòràwọ̀ mú fún títún ọkọ̀ ṣe má baà kọjá. Ó ti ká sókè láàárọ̀ yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo ha méjèèjì kúrò, mo nu irin gbẹ, mo tún un lẹ̀.

Màmá ní, "Indrani, àkókò burúkú lo fi ṣe é yìí."

Mo ní, "Màmá, gọ́ọ̀mù kì í wo ìràwọ̀."

Ọ̀la ni Ishara àbúrò wa yóò fi aṣọ sárì ìgbéyàwó tó gùn dé ilẹ̀ wọ ọkọ̀ náà. Bí Màmá bá ní kí o ṣí rọ́bà náà kúrò, kí o tún un lẹ̀ ní àkókò rere mìíràn, sọ pé èmi ni mo kọ̀. Kí wọ́n bínú sí mi. Kí ọmọ yẹn ṣáà má fẹsẹ̀ kọ.

Indrani